Ráútà 5G tí mò ń gbé lọ òde: oṣù méje rèé, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Àwọn ará ilé mi mọ̀ pé tí mo bá ti ra ẹ̀rọ tuntun, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó máa gbádùn mi. Àmọ́ ráútà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti pé oṣù méje lọ́wọ́ mi. Ó ti gba òjò, ó ti gba oòrùn, ó ti já bọ́ lára ọ̀pá irin lẹ́ẹ̀kan ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú páálí ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé òde sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀ bó ṣe ń lọ: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ìwúyè. Ọmọ olókùú kan á wà ní London, àbúrò ìyàwó á wà ní Houston. Wọ́n ti rán owó aṣọ ẹbí wá, wọ́n ti jókòó ti fóònù, wọ́n fẹ́ rí ìyá wọn bó ṣe ń jó. Ẹni tó ń wo fíìmù nílé, ohun tó ń wọlé wá bá a ló kàn án. Èmi, ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ mi jáde ló kàn mí. Èyí tó ń jáde ni mo máa ń pè ní àlọ, èyí tó ń wọlé ni àbọ̀. Àwọn tó ń ta dátà, àbọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń polówó. Lójú tèmi, àlọ 6 Mb/s (òṣùwọ̀n bí dátà ṣe ń yára tó) tí kì í já sàn ju 40 tó ń já ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Kí n tó dẹni tó ń gbé kámẹ́rà, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjiníà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ni mo máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀, fóònù mẹ́rin á so mọ́ láptọ́ọ̀pù lórí itan mi, a ó máa wakọ̀ yí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ká láti Sàngó títí dé Ìfọ̀. Mo kúrò níbẹ̀, àmọ́ àìsàn ibẹ̀ kò kúrò lára mi. Mi ò lè ra ráútà kí n má wo inú rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa wọn níwájú. Àpótí funfun ni, kò ju Bíbélì ńlá lọ, ìta ni wọ́n ṣe é fún. Wáyà kan ṣoṣo ló wọ inú rẹ̀, wáyà yẹn náà ló ń gbé iná àti dátà pa pọ̀. Chip X62 ti Qualcomm ló wà nínú rẹ̀, èyí tó bá ìwé òfin Release 16 ti 3GPP mu, ìyẹn àjọ tó ń kọ ìlànà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Tòkunbọ̀ ni, Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti rà á, ₦210,000 lẹ́yìn tí a ti fa ọ̀rọ̀ owó títí tí ẹnu fi ń ro wá.

Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní, “Àǹtí mi, ẹ gbà mí gbọ́, òpó méjì ló máa ń gbá mú lẹ́ẹ̀kan náà.”

Mo bi í pé, “Òpó méjì, ó dáa. Ṣé aago kan ló fi ń bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ ni, àbí aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?”

Ó wò mí, ó wo àpótí. “Àǹtí, aago wà lára ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, á gbé time wá.”

Mo sanwó.

Àmọ́ ìbéèrè tí mo bi í yẹn, òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ ráútà yìí dá lé. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Tí ìyàwó bá ní kí gbogbo ọ̀rẹ́ òun wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mẹ́wàá gééré, ẹni tí ilé rẹ̀ jìn ló gbọ́dọ̀ tètè gbéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù àti òpó. Ìró rédíò ń rin nǹkan bíi 300 mítà láàárín maikirosẹ́kọ́ǹdì kan, ìyẹn tí ẹ bá gé sẹ́kọ́ǹdì kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀. Kò pọ̀, àmọ́ òpó kò ní sùúrù. Ní 4G, ìró kọ̀ọ̀kan gba maikirosẹ́kọ́ǹdì 66.7, àlàfo tí wọ́n fi síwájú rẹ̀ kí ti ẹnì kan má baà gun ti ẹnì kejì lórí kò sì ju bíi 4.7 lọ. Nítorí náà, òpó á wọn bí ìró fóònù kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó, á sì sọ fún un pé: ìwọ, tètè gbéra báyìí báyìí. Iye ìtètègbéra yẹn là ń pè ní TA, timing advance. Ìgbésẹ̀ TA kan ní 4G jẹ́ maikirosẹ́kọ́ǹdì 0.52, èyí tó bá bíi 78 mítà láti ọ̀dọ̀ òpó mu, torí lílọ àti bíbọ̀ ni wọ́n ń kà. Ní irú 5G tí wọ́n ń lò lórí 3.5 GHz, tí àwọn ìkànnì kéékèèké inú rẹ̀ fi 30 kHz jìnnà síra, ìdajì rẹ̀ ni: bíi 39 mítà.

Láyé GSM (2G) tí mo bá níbi iṣẹ́, ìgbésẹ̀ kan jẹ́ bíi 550 mítà, ó sì dúró lórí 63. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po, kìlómítà 35 lẹ máa bá. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó kọjá ibẹ̀ á rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kíkún lójú fóònù rẹ̀, á pè títí, kò ní wọlé. Kì í ṣe pé òpó kò gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ, àmọ́ ó pẹ́ dé ni.

Ẹ jẹ́ á padà sórí àpótí funfun. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ wà nínú ojú ìwé kan tó fara pamọ́, tí wọ́n kọ “Engineering” sí, tó jẹ́ pé ìwé ìlò rẹ̀ kò tiẹ̀ dárúkọ. Níbẹ̀ ló ti ń kọ TA ti 4G sọ́tọ̀, TA ti 5G sọ́tọ̀. Ọjọ́ tí mo gbé e sórí òrùlé ilé wa ní Àkóbọ̀, nọ́ńbà méjì tí mo bá níbẹ̀ ni 14 àti 61. Mo mú bírò. 14 lọ́nà 78 mítà, 1,092. 61 lọ́nà 39 mítà, 2,379. Ìyẹn ni pé 4G mi ń ti òpó tó wà ní ìwọ̀n kìlómítà kan wá, mo mọ òpó yẹn, ẹ̀yìn ilé epo ló wà. 5G ní tirẹ̀ ń ti ibòmíràn tó jìnnà ju ìlọ́po méjì lọ wá. Mo gun ọ̀kadà lọ wò ó. Mo ní kí ọlọ́kadà máa lọ tààrà sí ọ̀nà tí àǹtẹ́nà kọjú sí, ó ní, “Mummy, kí lẹ ń wá gan-an?” Mo ní òpó ni. Ó ní òpó pọ̀. A rí i, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, lórí òkè.

Ọmọkùnrin Ìkẹjà yẹn kò purọ́ nígbà náà. Òpó méjì ni, aago méjì ni. Tí ó bá jẹ́ pé aago kan ni ráútà ń lò, tó mú ìtètègbéra 4G fi bá òpó 5G sọ̀rọ̀, ìyàtọ̀ 1,287 mítà yẹn, ní lílọ àti bíbọ̀, á mú un pẹ́ dé ní maikirosẹ́kọ́ǹdì mẹ́jọ ààbọ̀. Àlàfo tí 5G yẹn fi sílẹ̀ kò ju bíi 2.3 lọ. Á kàn lọ gun ìró ẹlòmíràn lórí ni, òpó á sì lé e dànù. Èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé nínú ètò tí 4G àti 5G ti jọ ń gbé ẹrù kan náà, apá kọ̀ọ̀kan ló ní TA tirẹ̀. Àlọ tí mo ń rí lórí òrùlé wa máa ń wà láàárín 18 sí 25 Mb/s, ó sì dúró.

Ibi tó ti wá purọ́ nìyí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé páálí ló purọ́, kì í ṣe òun. Wọ́n kọ “Multi-TRP Ready” gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ páálí. Multi-TRP kì í ṣe ọ̀rọ̀ 4G àti 5G tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán yìí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé sẹ́ẹ̀lì 5G kan ṣoṣo (ìyẹn agbègbè kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kà sí ọ̀kan) ní ẹnu méjì tó ń fi ìró ránṣẹ́, bóyá lórí òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹnu méjèèjì sì ń bá ẹ̀rọ kan náà sọ̀rọ̀. Release 16 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ títí dé Release 17, ìtètègbéra kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ní fún sẹ́ẹ̀lì yẹn, ìbáà jẹ́ ẹnu méjì ló ní. Tí ẹnu méjèèjì bá wà nítòsí ara wọn, kò séwu. Tí ọ̀kan bá wà ní Bódìjà tí èkejì wà ní Agodi, àlọ kan péré ló máa bọ́ sí àsìkò. Release 18, tí wọ́n parí ní 2024, ni ìwé òfin tó kọ́kọ́ gbà kí ẹ̀rọ ní TA méjì nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ọ̀kan fún ẹnu kọ̀ọ̀kan. Chip X62 kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Kódà kó wà níbẹ̀, tí òpó tí ẹ̀ ń lò kò bá ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹnu páálí lásán ni. Mi ò yọ máàkì fún ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe, torí mi ò tìtorí rẹ̀ rà á. Ìkọ̀wé gàdàgbà yẹn ni mo yọ máàkì fún.

Ọjọ́ tí ráútà yìí sanwó ara rẹ̀ padà ni mo fẹ́ sọ.

Ìgbéyàwó ni, ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ gíláàsì àti páànù. A dé ní aago méje àárọ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹni tó ń mójú tó gbọ̀ngàn náà ní ká fọkàn balẹ̀, pé àwọn ti ra búsítà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún fọ́fọ́ nínú ilé. Lóòótọ́, ó kún. Mo gbé ráútà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oní-DJ, mo tàn án, àbọ̀ 60. Àlọ 15. Inú mi dùn, mo lọ jẹ mọ́ínmọ́ín.

Bí alága ìdúró ṣe gba makirofóònù báyìí, àwòrán dúró. Ó tún lọ. Ó tún dúró. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, àlọ á já sí òdo fún ìwọ̀n sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta, mẹ́rin, àbọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ mì. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti London. “Ẹ jọ̀ọ́ ma, a ò gbọ́ orin tí wọ́n fi wọlé.” Ọmọ iṣẹ́ mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ SIM. Mo ní kó dúró ná. Mo ṣí ojú ìwé Engineering.

TA 4G: 9. Mo ń wò ó. 9. 9. Lẹ́yìn náà, 28. Àwòrán dúró. 28, 28. Ó tún di 9, àwòrán tún dúró.

Orí tábìlì ni ráútà wà, aṣọ tábìlì aláwọ̀ wúrà ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Àmọ́ lójú òpó, ó ti wà ní 700 mítà, ó ti sáré dé kìlómítà méjì ó lé díẹ̀, ó sì tún ti padà wá. Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín òde. Búsítà ni! Wọ́n fi àǹtẹ́nà kan sórí òrùlé tó ń gba ìró òpó, wáyà gbé e wọ inú àpótí kan, àpótí yẹn sẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, ó wá fi ránṣẹ́ sí àjà. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń dá ìró dúró díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mọ́kàndínlógún tó fò sókè yẹn jẹ́ bíi maikirosẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá ní lílọ àti bíbọ̀, ìyẹn márùn-ún ní ìrìn ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ rántí àlàfo 4G, 4.7. Ó kọjá rẹ̀ díẹ̀ báyìí ni. Sẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń ti ibi méjì wọlé bá ráútà mi, láti ẹnu fèrèsé gíláàsì àti láti inú àjà, ráútà kò sì ní ju ìtètègbéra kan lọ tó lè lò. Bó bá tẹ̀ lé fèrèsé, èyí tó gba inú àjà lọ á pẹ́ dé. Bó bá tẹ̀ lé àjà, èyí tó gba fèrèsé lọ á yá jù. Nígbà tó bá ti dàrú tán, á já, á lọ kan ilẹ̀kùn òpó bí àlejò tuntun, òpó á wá wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí fóònù lásán kò lè fi hàn mí nìyí. Mo ní NetMonster, áàpù tó ń fi ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, lórí fóònù mi, ó dáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ fóònù púpọ̀ kì í fún un ní TA. Àwọn ohun èlò kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé 2147483647 ni wọ́n máa kọ síbẹ̀, èyí tí Android fi ń sọ pé “mi ò ní.” Ọ̀rẹ́ mi kan rò pé mítà ni, ó ní òpó àwọn wà lóṣùpá.

Mo gbé ráútà jáde gba ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mo dè é mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi gbé táńkì omi ró, mo kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà òpó, mo kẹ̀yìn rẹ̀ sí gbọ̀ngàn, mo fa wáyà 40 mítà wọlé. TA 9. Ó wà ní 9 títí wọ́n fi gé kéèkì, títí di ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ tún ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé owó kò tó. Àlọ kò ju 11 lọ níta yẹn, ó kéré sí ti inú ilé. Kò sì já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ojú ìwé yẹn kò bá sí, ǹ bá ti pààrọ̀ SIM mẹ́ta, ǹ bá ti bú ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà, ǹ bá sì ti dá ìdajì owó padà fún ìdílé ìyàwó.

Ó yá, ẹjọ́ mi.

Ó gbóná. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án. Lóṣù kejì, ó máa ń dín iyára ara rẹ̀ kù láàárín aago kan sí mẹ́ta, kò sì ní sọ fún yín. Mo ti fi páànù kékeré kan ṣe ìbòòji fún un, ó dín kù.

Èkejì ló bí mi nínú jù. Tí ẹ bá ti so ó mọ́ òpó kan ṣoṣo, kó má baà máa fò káàkiri, tí iná bá ti lọ báyìí, tó tún dé, ó ti gbàgbé. Gbogbo ètò, pátápátá. Nílẹ̀ yìí! Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tó ń gbàgbé nǹkan tí iná bá lọ kò rò ó pé ẹnì kankan ní Nàìjíríà máa rà á. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Èsì àkọ́kọ́ ní kí n tan án, kí n pa á. Èsì kejì kò dé títí dòní. Ní báyìí, bátìrì ni mò ń fi gbé e lọ òde, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ojú ìwé Engineering náà, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Òpó lè fún ẹ̀rọ ní àṣẹ TA tuntun lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìyẹn. Lórí 4G, àṣẹ kékeré yẹn wà láti 0 sí 63, 31 sì túmọ̀ sí “dúró síbi tó o wà.” Sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá pọ̀ jù fún ẹni tó ń wá ohun tó ń fò. Lọ́jọ́ Ìjẹ̀bú-Òde yẹn, oríire ni mo fi rí i. Ibi tí SIM ń wọ̀ sì nílò súkúrù kékeré kan tó máa sọnù. Tèmi ti sọnù.

Tí ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì, méje nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ máa wo fíìmù àti bọ́ọ̀lù, kó má ná ₦210,000 sórí rẹ̀, ráútà inú ilé tí kò tó ìdajì owó yẹn á ṣe é fún un. Ẹni tó bá ń fi nǹkan ránṣẹ́, tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, tó sì lè fara balẹ̀ ka nọ́ńbà méjì, kó rà á. Kó ní kí wọ́n tàn án lójú òun ní ìsọ̀, kó ṣí ojú ìwé yẹn kó tó sanwó, torí mo ti rí èyí tí wọ́n ti yí ètò inú rẹ̀ padà tí ojú ìwé náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, òkú àgbà ní Ọ̀tà. Mo ti pe ẹni tó ni gbọ̀ngàn, mo bi í bóyá wọ́n ní búsítà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, méjì ni wọ́n ní. Mo ti ra wáyà 60 mítà.